Ohùn Màmá ní Ọ̀sán Jímọ̀

Tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá dé Igando tí ẹ ní Ìyá Yahya aránṣọ lẹ̀ ń wá, ẹni tó máa júwe ọ̀nà fún yín á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Ohùn rẹ̀ ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, kò tó nǹkan kan, ṣùgbọ́n tó bá pe oníkẹ̀kẹ́ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa, kẹ̀kẹ́ mẹ́ta á yà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì máa bára wọn jà lórí ẹni tó pè. Ohùn tó nípọn, tó há díẹ̀, tó máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ gùn. Ohùn ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Tí àwọn méjèèjì bá jọ ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, tí ẹ bá wà níta, ẹ ò ní mọ èwo ni ìyá, èwo ni ọmọ. Èmi tí mo ti bá wọn gbé pẹ́, mo ṣì máa ń ṣì wọ́n gbọ́.

Èmi ni Lucy, Ìyá Moyọ̀sọ́rẹ. Irun ni mò ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù kan náà lèmi àti Ìyá Yahya jọ háyà, èmi lápá ọ̀tún pẹ̀lú dígí mi, òun lápá òsì pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni mí, ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lòun, mùsùlùmí pọ́ńbélé. Àwọn kan ní a ò ní lè gbé pọ̀. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ti kó kúrò ládùúgbò, àwa ṣì wà níbẹ̀. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ. Ó ṣojú mi kòrókòró, inú rẹ̀ ṣì ń bí mi títí di òní, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá ń pariwo, ẹ fara dà á.

Ìdíátù ni orúkọ Ìyá Yahya. Òun ni àkọ́bí Màmá. Jibril ni àbígbẹ̀yìn. Láàárín àwọn méjèèjì, Màmá bímọ, wọn ò dúró. Nígbà tí gbogbo ayé ti gbà pé ó ti parí, tí Ìdíátù alára ti wà nílé ọkọ, tó ti bí Yahya, Màmá tún lóyún! Ojú tì í débi pé kò lọ sọ́jà mọ́. Ó bí Jibril, àìsàn sì gbé e dè ní ọsibítù. Ọmú rẹ̀ gbẹ táútáú, kò sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀. Ìdíátù ló gbé àbúrò rẹ̀ lọ sílé. Ó fi Yahya sí ọmú ọ̀tún, ó fi Jibril sí ọmú òsì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe tọ́ wọn títí tó fi já àwọn méjèèjì lẹ́nu ọmú pọ̀.

Màmá kì í fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́, ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ẹ mọ bí àwọn ìyá ṣe máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ ọmọ bá ti dójú ẹ̀. Wọ́n á di ọmú wọn mú, wọ́n á ní, “Ọmú tí o mu yìí ni mo fi bẹ̀ ọ́.” Ọmọ tó bá gbọ́ ìyẹn tó tún ta kú, wàhálà ló ń wá. Ṣùgbọ́n tí Jibril bá ń ṣe oríkunkun nígbà tó wà ní kékeré, ṣe ni Màmá máa ń ké sí ọmọbìnrin rẹ̀: “Ìdíátù o! Wá bá mi fi ọmú ẹ bẹ ọmọ yìí, èmi ò lọ́mú tí mo lè fi bẹ̀ ẹ́!” Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Jibril náà á rẹ́rìn-ín, oríkunkun á sì tán níbẹ̀.

Ọmọ náà mọ̀wé. Ó ṣe tíṣà fún ìgbà díẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá kí ó tó rí ilé ìwé gbà ní Ìlú Ọba, ìlú kan tí orúkọ rẹ̀ kì í dúró lẹ́nu mi. Ìyá Yahya ta ẹ̀rọ ìránṣọ oníná tó fi ń ránṣọ, ó padà sídìí ẹlẹ́sẹ̀ torí kí àbúrò rẹ̀ lè lọ. Kò ráhùn. Jibril kàwé, ó gboyè, ó fi fọ́tò ránṣẹ́ pẹ̀lú gáùnù àti fìlà onígun mẹ́rin, a gbé e kọ́ ara ògiri ní ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo kọ́sítọ́mà mi ló ń bèèrè pé ta ni ọkọ ìyàwó yìí.

Àṣé gáùnù ni ibi tó rọrùn mọ. Wọ́n fún un láyè kó fi wáṣẹ́ lẹ́yìn ìwé, gbogbo ibi tó kọ̀wé sí ló ń kí i pé ó kú iṣẹ́, wọ́n á sì gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì. Nígbẹ̀yìn, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ló gbà á. Kó wẹ̀ fún wọn, kó pààrọ̀ aṣọ fún wọn, kó fún wọn lóńjẹ. Jibril o! Ẹni tó jẹ́ pé Màmá ló ń bá a fọ ṣòkòtò títí tó fi wọ yunifásítì! Ṣùgbọ́n ó ṣe é, ó sì ṣe é dáadáa. Ọ̀gá ibẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ó gbà láti dúró fún un kó lè rí ìwé ìgbélùú tuntun. Wọ́n kọ̀wé náà kí tàtijọ́ tó parí. Ìjọba ní kó máa ṣiṣẹ́ lọ, kó máa retí èsì.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ilé mọ̀ bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀: títí èsì á fi dé, Jibril ò gbọdọ̀ kúrò ní ìlú yẹn. Tó bá fi lè wọ bàálù, wọ́n á ní ó ti gba ìwé rẹ̀ padà, ilẹ̀kùn á tì, gbogbo ìyà tó ti jẹ látọjọ́ yìí á ṣòfò.

Ó wá dúró. Ó ń retí. Èsì ò dé.

Gbogbo ọ̀sán Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Màmá máa ń wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn kọ́sítọ́mà mi kó lè gba fóònù ọmọ rẹ̀. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ló ń lò, ohùn rẹ̀ máa ń jáde síta débi pé gbogbo wa ní ṣọ́ọ̀bù ló ń gbọ́. Wọ́n ra olójú ńlá fún un, ó kọ̀ ọ́. Ó ní òun ò fẹ́ kóun máa wo ọmọ òun kóun má lè fọwọ́ kàn án. Tí fóònù bá ti dún, á ní, “Àkànmú, ọkọ mi!” Jibril á ní, “Màámi, wọn ò tíì dáhùn.” Màmá á ní, “Wọ́n á dáhùn.” Lẹ́yìn náà ni á wá bẹ̀rẹ̀ àdúà, àdúà tó máa ń gùn débi pé irun á ti fẹ́ẹ̀ gbẹ lórí ẹni tí mò ń ṣe. Èmi náà á máa ṣe àmín. Àdúà kì í ṣe ti ìjọ ẹnì kan, jàre.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ṣáájú Ààwẹ̀, Màmá ní orí ń fọ́ òun. Ó dùbúlẹ̀. Kí a tó rí ọkọ̀ tó máa gbé e, ó ti lọ.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà kí wọ́n tó kírun Alásàrì, bí ẹ̀sìn wọn ṣe ní kí wọ́n ṣe é. Ẹnikẹ́ni tó wà lókè òkun ò lè bá irú ìsìnkú bẹ́ẹ̀, ìyẹn yé mi. Èyí tí kò yé mi ni ohun tó tẹ̀ lé e. Omi tí wọ́n fi ṣan ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n ti itẹ́ òkú dé ò tíì gbẹ nílẹ̀ tí Bàbá Dópémù fi pe ìpàdé sí pálọ̀.

Àmúsà ni orúkọ rẹ̀, àbúrò Màmá ni. Dópémù ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń ta páàtì ọkọ̀, torí náà ni gbogbo ilé ṣe ń pè é ní Bàbá Dópémù. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó sunkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó sunkún bí ọmọdé lẹ́bàá sàréè. Ṣùgbọ́n nígbà tó jókòó tán ní pálọ̀, ó nu ojú, ó ní, “Ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ dé etí Jibril.”

Yahya ní, “Bàbá, ìyá ẹ̀ ni o.”

“Mo mọ̀ pé ìyá ẹ̀ ni! Ẹ̀gbọ́n tèmi ńkọ́? Tó bá gbọ́, á wá. Tó bá wá, kí ló fẹ́ bá ńlẹ̀? Òkú tá a ti sin? Á padà sí Igando, á jókòó tì wá, ìwé á bàjẹ́, gbogbo ìyà tí ìyá ẹ̀ jẹ torí ẹ̀ á sì bọ́ sófo. Ẹ jẹ́ kí èsì dé ná. Tí èsì bá dé, èmi fúnra mi ni mo máa sọ fún un.”

“Ẹ jẹ́ kó mọ̀, kó fi ọwọ́ ara ẹ̀ mú èyí tó bá wù ú,” ni Yahya wí.

“Ìwọ, panu mọ́!”

Ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé fọ́tò òkú sórí fóònù, kí ẹnikẹ́ni má kọ “sùn-un-re” síbì kankan. Ó gbé Kùránì jáde, wọ́n búra. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan wá bèèrè pé, “Jímọ̀ ńkọ́? Tó bá pe Màmá ńkọ́?”  Gbogbo ojú wá rọra yí sí ọ̀dọ̀ Ìyá Yahya, tó jókòó sí kọ̀rọ̀ tó ń sunkún. Ohùn ẹkún yẹn gan-an, tí ẹ bá di ojú yín, Màmá ló ń sunkún.

Ó ní, “Háà. Ẹ jọ̀ọ́.” 

Nígbà tí Jímọ̀ pé, fóònù kékeré dún ní ṣọ́ọ̀bù. Kọ́sítọ́mà kan wà níwájú mi tí mo ti dirun rẹ̀ dé ìdajì. Ìyá Yahya wo fóònù náà títí tí mo fi rò pé kò ní gbé e. Ó fa ìborùn Màmá yọ nínú báàgì, ó dà á borí, ó tẹ fóònù, ó ní, “Àkànmú, ọkọ mi!”

 Mo fẹ́ẹ̀ yíjú wo bẹ́ǹṣì bóyá Màmá ti wọlé.

“Màámi, wọn ò tíì dáhùn.”

“Wọ́n á dáhùn.”

Ó sì ṣe àdúà náà látòkè délẹ̀, kò fo ọ̀kan. Jibril ń ṣe àmín, kò mọ nǹkan kan. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wà á, kíjíkíjíkíjí, kò sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́. Mo dì í mú. Ó ní, “Ìyá Moyọ̀, fi mí sílẹ̀, jẹ́ kí n máa ṣe nǹkan.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ààwẹ̀ dé, ó lọ. Iléyá dé, ó lọ. Èsì ò dé. Ẹ má bi mí pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tí wọn ò fi dáhùn ọmọ ọlọ́mọ, torí mi ò mọ̀. Tí ẹ bá kọ̀ fún un, ẹ sọ. Tí ẹ bá gbà fún un, ẹ sọ. Kí ni ti pé kí èèyàn máa la ẹnu sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ bíi pé wọ́n fẹ́ sọ oògùn sí i?

Ìyá Yahya ń rù. Kò lè ṣọ̀fọ̀ bó ṣe yẹ, torí tó bá sunkún jù lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ohùn á há kọjá bó ṣe yẹ kó há, Jibril á sì fura. Ó ń tọ́jú ohùn bí ẹni ń tọ́jú ẹyin. Èyí tó tún wá ń pa á ni pé Jibril ń sọ fún Màmá ohun tí kò jẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láéláé. Pé oúnjẹ tí àwọn arúgbó bá jẹ kù lòun ń jẹ. Pé ọmọ Naijiria kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Promise, ti rí èsì tirẹ̀ gbà, wọ́n kọ̀ fún un, ó di ẹrù, ó ń lọ, kò lè dágbére fẹ́nikẹ́ni. Pé tí ẹnikẹ́ni bá ti kanlẹ̀kùn báyìí, àyà òun á já, bẹ́ẹ̀ òun ò ṣe nǹkan kan. Ó tún sọ fún un nípa ìyá àgbà òyìnbó kan níbi iṣẹ́ tó máa ń bá gbogbo èèyàn jà tí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀ fún un, àfi Jibril nìkan. “Tí mo bá ti ń kọrin Yorùbá fún un, á dákẹ́. Ó jọ yín, Màámi. Orí líle yẹn, tiyín ni.” Ìyá Yahya rẹ́rìn-ín bí Màmá ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, “Ìyá Moyọ̀, ọmọ yìí ń kú lọ, òkú ló sì ń rojọ́ fún.”

Mo ní kó sọ òótọ́ fún un. Mo sọ ọ́ títí, ó sú mi. Ó ní òun ti búra. Mo ní ta ló ní kí wọ́n búra? Ó ní, “Tí mo bá sọ, tó bá wá, tí ilẹ̀kùn tì, ojú wo ni mo máa fi wò ó?” 

Jímọ̀ tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, Bàbá Dópémù wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó wá gba bùbá tó gbé fún Ìyá Yahya rán, ó sì jókòó láti gbọ́ bí ọmọ náà ṣe wà. Òórùn ààtàn Solous ti gba gbogbo títì lọ́jọ́ náà, mo ti ilẹ̀kùn, ooru sì mú wa. Fóònù dún. Ìyá Yahya da ìborùn borí.

“Àkànmú, ọkọ mi!”

 A ṣá ń gbọ́ tí Jibril ń mí.

“Àkànmú?”

“Màámi, ó ti sú mi.” Ẹkún ló fi ń sọ̀rọ̀. “Màámi, mo lálàá yín. Ẹ wọ funfun, ẹ kẹ̀yìn sí mi. Mo pè yín, mo pè yín, ẹ ò dáhùn.”

Ìyá Yahya fi ọwọ́ di ara ògiri mú. Ó ní, “Àlá lásán ni. Èmi rèé tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀.”

“Mo fẹ́ máa bọ̀ wálé. Mi ò fẹ́ ìwé wọn mọ́. Mo ti wo tíkẹ́ẹ̀tì, ti ọjọ́ Àìkú wà. Mo kàn fẹ́ rí yín ni, Màámi, kí n jókòó tì yín. Ẹ ní kí n máa bọ̀.”

Bàbá Dópémù ti dìde. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì júwe, ó ń mi orí, ó ń fi ẹnu ṣe é láìjẹ́ kó dún: kó dúró, ní kó dúró.

“Ṣe sùúrù, ọkọ mi. Èsì á dé.”

“Èsì ò dé! Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà lẹ̀ ń sọ pé á dé. Màámi, mò ń ra tíkẹ́ẹ̀tì yẹn lónìí. Ó wà lójú fóònù níwájú mi báyìí. Màá kàn tẹ̀ ẹ́ ni.”

“Jibril, gbọ́ mi…”

“Mo ti ń tẹ̀ ẹ́.”

Mo wo ojú obìnrin yẹn. Kí ló kù tó fẹ́ sọ? Kó ní kó máa bọ̀, kó wá bá sàréè tí koríko ti hù lé lórí, kí ilẹ̀kùn sì tì lẹ́yìn rẹ̀? Ó bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó ṣàdúà, kò ṣe àmín. Ó wá ki ọwọ́ sí àyà, ó di ọmú òsì rẹ̀ mú látorí bùbá, ó mú un gírígírí, ó sì figbe ta, igbe tí kẹ̀kẹ́ mẹ́wàá lè yà fún:

“Àkànmú! Ọmú tí o mu yìí ni mo fi bẹ̀ ọ́! Ọmú yìí tó wà lọ́wọ́ mi! Má tẹ̀ ẹ́! Má wá!”

 Bàbá Dópémù mí kanlẹ̀, ó jókòó padà, ó ń nu òógùn. Ó gbà pé ó ti bọ́ sí i. Ìyá Yahya náà ò tíì mọ ohun tó sọ, ó ṣì di àyà mú. Èmi ni ìyarun bọ́ lọ́wọ́ mi. Olúwa mi o, Màmá ò lọ́mú tó lè fi bẹ ọmọ yẹn. Ìgbà mélòó la ti fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín?

 Nígbà tí Jibril máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá.

“Àǹtí mi.”

Kò pe Màámi.

“Àǹtí Ìdíátù. Ọmú yín ni mo mu.”

 Ìborùn yọ̀ lórí Ìyá Yahya, ó ṣubú sílẹ̀.

“Ìgbà wo?”

“Jibril…”

“Ìgbà wo ni, Àǹtí mi?”

“Ṣáájú Ààwẹ̀.”

“Ṣáájú Ààwẹ̀,” ni Jibril wí tẹ̀ lé e. “Iléyá ńkọ́? Ta ló ṣàdúà fún mi lọ́jọ́ Iléyá?”

“Èmi ni.”

Ohun tí ó jáde nínú fóònù yẹn, mi ò lè júwe ẹ̀ fún yín, mi ò sì fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀ mọ́. Kọ́sítọ́mà tó wà níwájú mi dìde, ó jáde pẹ̀lú irun tí a ò tíì ṣe tán. Bàbá Dópémù já fóònù gbà, ó ní, “Jibril, àmúwá Ọlọ́hun ni, èmi ni mo ní kí wọ́n…”

“Ẹ gbé e fún Àǹtí mi.”

Ó gbé e fún un.  Ó mú bùbá rẹ̀, kò bèèrè bóyá wọ́n ti ká ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jáde.

“Àǹtí mi,” ni Jibril wí, “mi ò tẹ̀ ẹ́. Mi ò ní wá. Ẹ ti fi ọmú bẹ̀ mí, mo sì mu ún lóòótọ́.”

“Jibril, má bínú sí mi. Jọ̀ọ́. Àbúrò mi, ọmọ mi…”

“Mo ń lọ síbi iṣẹ́ báyìí. Ìyá yẹn ò ní gbà kí ẹlòmíì wẹ̀ fún òun.”

Ó pa fóònù.

Mo rò pé tí ọ̀rọ̀ bá ti jáde báyìí, ara á tu gbogbo wa. Mo tiẹ̀ sọ fún Ìyá Yahya pé ó dáa bẹ́ẹ̀, kó sunkún rẹ̀ tẹ́rùn wàyí. Mo purọ́ ni, mi ò mọ̀ pé irọ́ ni. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, fóònù kékeré ò dún. A dúró títí wọ́n fi kírun Alásàrì. Ní ìrọ̀lẹ́, Jibril kọ̀wé sórí fóònù Yahya. Ó ní kí Àǹtí òun má ṣèyọnu, òun ò bínú, òun ń jẹun, òun ń ṣiṣẹ́, wọn ò tíì dáhùn. Ó ní ṣùgbọ́n kí wọ́n má pe òun ná. Ó ní òun ò lè gbọ́ ohùn yẹn.

Ohùn wo? Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni! Òun nìkan ni obìnrin náà ní, kò ní méjì! Mo bínú títí, mi ò mọ ẹni tí mo máa bínú sí.

Ó ṣì wà níbẹ̀, ó ń retí. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, wọn ò tíì dáhùn. Wọ́n ṣì ń kọ̀wé síra wọn láti ọwọ́ Yahya: ṣé ẹ jí dáadáa, a jí dáadáa, ṣé èsì ti dé, kò tíì dé. Ìyá Yahya kì í pariwo mọ́. Ọwọ́ ló fi ń na kẹ̀kẹ́ dúró báyìí, tí kọ́sítọ́mà bá sì wọlé, á mi orí sí wọn. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ rò pé odi ni.

Ṣùgbọ́n gbogbo Jímọ̀ ló ń gba iná sínú fóònù kékeré yẹn. Á gbé e lé itan, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, níbi tí Màmá máa ń jókòó sí. Ní Jímọ̀ tó kọjá, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní, “Ìyá Yahya, àbúrò ẹ ni, ọmọ ẹ ni. Má dúró dè é mọ́. Ìwọ pè é.”

Ó gbójú sókè wò mí. Ó fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀.

Ó ní, “Ìyá Moyọ̀, kí ni mo fẹ́ fi pè é?”